Ẹran Ẹ̀ẹ̀mẹrin Lọ́sẹ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé wa mọ̀ pé a máa ń yí orúkọ àwọn tó bá ní ká bá àwọn sọ ìtàn àwọn padà. Obìnrin tòní ní rárá. Ó ní ká pe òun ní Alice bí òun ṣe ń jẹ́ gan-an, ká sì sọ pé Maitumbi ní Minna lòun ń gbé, nítorí bíbo nǹkan ló kó bá òun. Èmi ò bá a jiyàn. Gbogbo bó ṣe ń sọ ọ́ fún mi, ohùn rẹ̀ ò lọ sókè, kò wá sílẹ̀, àfi bí ẹni tó ń ka lẹ́tà ẹlòmíì.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Alice, ṣùgbọ́n Minna ni wọ́n bí i sí. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kan létí títì tó ti ń ta mílíìkì, ṣúgà, ọṣẹ àti bísíkíìtì. Tíṣà ni Simeon, ọkọ rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Ànúolúwapọ̀, ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pe ìyá ní Mọ́mì Ànú.

Òun ni alága ẹgbẹ́ àwọn obìnrin mẹ́wàá tó jọ ń gba lóònù. Ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n á jókòó lábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, Ọ̀gá Junaid, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ tó ń yá wọn lówó, á gun ọ̀kadà dé láti ọ́fíìsì, kálukú á sì san ti ọ̀sẹ̀ náà. Bí ti ẹnì kan bá dín, àwọn mẹ́sàn-án yòókù á dá a pé kí ẹnikẹ́ni tó dìde lórí bẹ́ǹṣì. Bó bá ń dín lemọ́lemọ́, wọ́n á lọ gbé nǹkan nílé onítọ̀hún. Gbogbo wọn ló tẹ̀ka sí òfin yẹn, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́.

Nínú wọn, Kàbírátù ló sún mọ́ Alice jù. Ará Ìlọrin ni, ó fi nǹkan bí ọdún mẹ́rin ju Alice lọ, ilé mẹ́ta péré ló sì wà láàárín wọn. Yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọmọ ilé ìwé ló ń rán. Lóònù àkọ́kọ́ tó gbà nínú ẹgbẹ́ ló fi ra maṣíìnì tó ń lò, ó sì fẹ́ràn maṣíìnì náà débi pé ó máa ń nù ún kó tó nu ojú ara rẹ̀ láàárọ̀. Kò mọ̀wé. Haniyyah, ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá, ló máa ń bá a ka nǹkan. Bí òun àti Alice bá fẹ́ pínyà, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ síra wọn lójoojúmọ́.

"Àṣírí á bò o, Mọ́mì Ànú."

"Àmín o, Ìyá Haniyyah. Tiwa lápapọ̀."

Ohun tó wá dán Alice wò kì í ṣe ọkùnrin, kì í sì í ṣe wúrà. Fìrísà ni. Ẹni tó bá mọ ooru Minna lóṣù kẹta mọ̀ pé ẹni tí ò ní omi tutù kò tíì bẹ̀rẹ̀ ọjà. Lójú Alice báyìí ni àwọn ènìyàn ṣe ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ ra omi tutù lọ́dọ̀ ẹlòmíì, tí wọ́n á sì tún ra bísíkíìtì níbẹ̀.

"Fìrísà, fìrísà," ni Simeon sọ lọ́jọ́ kan. "Ẹni tí ò tíì san lóònù kékeré tán ló ń lálàá ńlá."

"Ẹ jẹ́ n máa lá a," ni Alice dáhùn. "Ìgbà tí ẹ bá ń mu omi tutù ibẹ̀, mi ò ní gbowó lọ́wọ́ yín."

Ọ̀nà kan ṣoṣo ni lóònù ńlá ń gbà wọ ẹgbẹ́. Lọ́dọọdún, ọ́fíìsì máa ń kọ fọ́ọ̀mù kan fún ilé kọ̀ọ̀kan, láti mọ̀ bóyá owó tí wọ́n ń yá wọn ń mú ilé wọn sàn. Ẹ̀ẹ̀mélòó lẹ ń dáná lójúmọ́? Ẹ̀ẹ̀mélòó lẹ ń jẹ ẹran lọ́sẹ̀? Ọmọ mélòó ló ń lọ sílé ìwé? Ṣé ẹ ti ta ẹrù ilé kan jẹun lọ́dún yìí? Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ní máàkì tirẹ̀. Bí ilé mẹ́wẹ̀ẹ̀wá bá gbà tó ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, gbogbo ẹgbẹ́ á gòkè sí owó ńlá.

Òfin kejì wà lẹ́yìn fọ́ọ̀mù náà, ní lẹ́tà wẹ́wẹ́. Ilé tí kò bá gbà tó ogójì, tí wàhálà bá dé bá a, ọ́fíìsì á fún un ní ìsinmi oṣù mẹ́ta, wọ́n á sì fojú fo díẹ̀ nínú gbèsè rẹ̀. Alice kà á. Ó ní kí n rí i pé mo kọ ọ́ síbí pé òun kà á.

Ọ̀gá Junaid ló yẹ kó gba ilé dé ilé. Ọdún tó ṣáájú, ó ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́dún yìí, ó kàn kó fọ́ọ̀mù mẹ́wàá lé Alice lọ́wọ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù.

"Mọ́mì Ànú, ẹ bá mi kọ ọ́. Ẹ ṣáà mọ ilé gbogbo wọn. Ẹgbẹ́ mọ́kànlá ló wà lọ́rùn mi, wallahi, ó ti rẹ̀ mí."

"Kí n kọ kí ni?"

"Haba! Ẹ̀yin lẹ mọ ohun tí ẹ fẹ́ kí ẹgbẹ́ yín jẹ́." Ó ti tẹ ọ̀kadà rẹ̀ kó tó sọ ọ́ tán.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni Alice jókòó sídìí káńtà pẹ̀lú bírò. Ó kọ tirẹ̀. Ó kọ ti àwọn mẹ́jọ mìíràn. Ó bu iyọ̀ díẹ̀ sí wọn, kò pọ̀. Nígbà tó kan ti Kàbírátù, ó dáwọ́ dúró.

Ó mọ ilé náà bó ṣe mọ tirẹ̀. Ó mọ̀ pé ìrọ̀lẹ́ nìkan ni wọ́n ń dáná. Bí a bá fún Kàbírátù ní nǹkan jẹ lọ́sàn-án, á ní òun gbààwẹ̀, oṣù ààwẹ̀ sì ti kọjá tipẹ́. Ó mọ̀ pé Haniyyah ti kúrò nílé ìwé láti táàmù kejì nítorí owó, pé ó ti ń kiri masa, àkàrà ìrẹsì, báyìí, àti pé wọ́n ti ta rọ́ọ̀gì pálọ̀. Nínú fọ́ọ̀mù ọdún tó ṣáájú, èyí tí Ọ̀gá Junaid fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, máàkì mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ilé náà gbà.

Bí Alice bá kọ òótọ́, Kàbírátù ò ní tó ogójì. Ẹgbẹ́ ò ní gòkè. Fìrísà á sì dúró sínú àlá tó wà.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé bó ṣe sọ ọ́ fún ara rẹ̀ nìyẹn. Ohun tó sọ fún ara rẹ̀ dùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá Alice, nígbà ayé rẹ̀, bí kò bá sí ẹran nínú ọbẹ̀, á jẹ gààrí rẹ̀ tán, á wá jáde síta, á máa fi igi ta eyín kí àwọn aládùúgbò lè rí i. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn. A kì í tú àṣírí ilé ọ̀rẹ́ ẹni fún àlejò. Ta ló fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé ebi ń pa ọmọ òun?

Ló bá kọ ọ́. Dídáná: ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ẹran: ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀. Ọmọ: ó wà nílé ìwé aládàáni. Ẹrù tí wọ́n tà: kò sí. Máàkì méjìdínlọ́gọ́rin.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, ó na fọ́ọ̀mù náà sí Kàbírátù kó tẹ̀ka.

"Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?" ni Kàbírátù bi í.

"Ohun tó dáa ni."

"Mọ́mì Ànú, mo gbà ọ́ gbọ́." Ó ki àtàǹpàkò bọ tàdáwà, ó sì tẹ̀ ẹ́. "Àṣírí á bò o."

"Àmín o," ni Alice wí.

Ẹgbẹ́ gòkè. Ọ̀gá Junaid ní igba ẹgbẹ̀rún náírà ni owó tó kéré jù tí ẹnikẹ́ni lè gbà ní ìpele tuntun yìí, àti pé gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ gbà á, tàbí kí ẹnikẹ́ni má gbà.

"Ó pọ̀ jù fún mi," ni Kàbírátù sọ lábẹ́ igi máńgòrò. "Ọgọ́rin ẹgbẹ̀rún tí mò ń gbà tẹ́lẹ̀, mo mọ bí mo ṣe ń san án."

Obìnrin mẹ́sàn-án kọjú sí i. Alice ló sọ̀rọ̀.

"Ìyá Haniyyah, ẹ ò wá ní jẹ́ ká gòkè ni? Ìgbà ìwọlé ọmọ ilé ìwé ló ń bọ̀ yìí. Ẹ ra aṣọ sílẹ̀, ẹ rán an, kó tó dé oṣù kejì ẹ ti san án tán."

Kàbírátù gbà á. Ó ra aṣọ yúnífọ́ọ̀mù, aláwọ̀ ewéko àti aláwọ̀ búlúù, ó tò ó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Alice gba irínwó ẹgbẹ̀rún. Nígbà tí fìrísà dé, Kàbírátù ló kọ́kọ́ wá kí i. Ó gbọ́wọ́ lé orí ìdérí rẹ̀, ó ṣàdúà gígùn kan, òun náà ló sì to àpò omi àkọ́kọ́ sínú rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi san tirẹ̀ déédéé. Ní ọ̀sẹ̀ keje, Àbdùlsàlámì, ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ bíríkìlà, já bọ́ láti òkè ilé kan tí wọ́n ń kọ́ ní Dutsen Kura. Egungun itan rẹ̀ ló kán. Aṣọ yúnífọ́ọ̀mù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri di owó ọsibítù, díẹ̀díẹ̀, títí ògiri fi hàn.

Ọ̀sẹ̀ kan dín. Èkejì dín. Àwọn obìnrin dá a pé, wọ́n ń kùn. Ní ẹ̀kẹta, Kàbírátù wá bá Alice ní ṣọ́ọ̀bù. Ó kàn dúró ni, kò jókòó.

"Wọ́n ní àánú kan wà ní ọ́fíìsì fún ẹni tí nǹkan bá ṣe. Ìyá Hibatullah inú ẹgbẹ́ wa ló sọ fún mi. Bá mi lọ, Mọ́mì Ànú. Mi ò lè fi Bàbá Haniyyah sílẹ̀ lórí ibùsùn, ìwọ lo sì mọ ọ̀rọ̀ wọn sọ."

"Mo máa lọ," ni Alice wí.

Ó lọ lóòótọ́. Ọ̀gá Junaid fa fáìlì yọ, ó ṣí i, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Máàkì méjìdínlọ́gọ́rin. Ilé tó ń jẹ ẹran lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀ ló ń tọrọ ìsinmi? Èmi alára ò jẹ ẹran lẹ́ẹ̀mẹrin." Ó wò ó lójú. "Mọ́mì Ànú, ẹ̀yin lẹ kọ ọ́. Bó bá jẹ́ irọ́ ni, ẹ sọ ọ́ nísinsìnyí. Mo máa mú un padà sí olú ọ́fíìsì ní Abuja, wọ́n á tún ti gbogbo ẹgbẹ́ wò. Àmọ́ ẹ mọ̀ pé wọ́n á gba owó ńlá yẹn padà lọ́wọ́ gbogbo yín."

Fáànù ń yí lókè. Alice rántí fìrísà, ó rántí omi tutù, ó rántí bí Simeon ṣe máa rẹ́rìn-ín. Ó tún rántí Kàbírátù tó dúró láìjókòó.

"Kì í ṣe irọ́," ló sọ.

Mo bi í pé báwo ló ṣe rí lára rẹ̀. Ó ní kò rí bákan kan. Ó ní ó dà bí ìgbà tí ẹsẹ̀ ẹni bá kú lórí bẹ́ǹṣì, tí ẹni mọ̀ pé ẹsẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n tí ẹni ò mọ̀ ọ́n lára. Ó ra búrẹ́dì lọ́nà ilé. Ó yà lọ́dọ̀ Kàbírátù, ó sì sọ fún un pé wọ́n ní kò ṣeé ṣe.

"Kí ni wọ́n ní ó fà á?"

"Òfin wọn ni."

"To, kò burú," ni Kàbírátù wí. "Ọlọ́run mọ̀ ọ́n. O kú wàhálà, Mọ́mì Ànú. Àṣírí á bò o."

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún tí owó rẹ̀ ń dín, ẹgbẹ́ lọ gbé maṣíìnì náà. Òfin ni pé alága ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ kan ẹrù tí wọ́n bá fẹ́ gbé. Alice fọwọ́ kàn án. Àwọn obìnrin mẹ́rin gbé tábìlì rẹ̀, òun àti ẹnì kan gbé orí maṣíìnì.

Láti inú yàrá, Àbdùlsàlámì gbọ́ ohùn wọn. Kò lè dìde. "Ẹ káàbọ̀ o," ló ń wí. "Haniyyah, ṣé o ti fún wọn lómi?"

Kàbírátù ò jà. Ó wọlé, ó mú ìgò òróró kékeré kan jáde pẹ̀lú pákẹ́ẹ̀tì abẹ́rẹ́, ó sì kó o fún Alice.

"Ẹ máa kán òróró sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kó má baà dípẹtà. Abẹ́rẹ́ nọ́ńbà mẹ́rìnlá ló ń lò. Ẹ sọ fún ẹni tó bá rà á."

Pálọ̀ Alice ni wọ́n gbé e sí títí oníbàárà fi dé. Ó wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mọ́kàndínlógún. Ànúolúwapọ̀ ń gbé ìwé rẹ̀ lé e lórí ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Alice ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń jẹun, ó ń sùn dáadáa, ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń kọrin nínú kwáyà. Télọ̀ kan láti àdúgbò Shango ló rà á níkẹyìn. Alice sọ fún un nípa abẹ́rẹ́ nọ́ńbà mẹ́rìnlá.

Bóyá ọ̀rọ̀ náà ì bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà Abuja kò mọ ọkọ tó já bọ́, kò mọ maṣíìnì tí wọ́n tà. Ohun tó mọ̀ ni pé ilé kan wà ní Maitumbi tó fò láti máàkì mọ́kànlélọ́gbọ̀n sí méjìdínlọ́gọ́rin láàárín ọdún kan, kò sì sí ilé mìíràn ní gbogbo Minna tó fò bẹ́ẹ̀. Ni wọ́n bá rán obìnrin kan tó ń jẹ́ Madam Roseline wá, kó wá fojú rí ilé tí lóònù tún ṣe.

Òógùn bo Ọ̀gá Junaid lọ́jọ́ náà. "Mọ́mì Ànú, ẹ gbà mí o. Ó ní òun ò fẹ́ kí òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún òun, kí wọ́n má baà sọ ohun tó wu ọ́fíìsì. Ó ní alága ẹgbẹ́ lòun fẹ́."

Báyìí ni Alice ṣe bá ara rẹ̀ nínú pálọ̀ Kàbírátù, lórí ilẹ̀ tí kò ní rọ́ọ̀gì, tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀. Òyìnbó nìkan ni Madam Roseline ń sọ. Fọ́ọ̀mù náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń wo ògiri, ó ń wo ilẹ̀, ojú rẹ̀ sì ti ń yí padà.

"Madam ní kí n kí yín," ni Alice sọ fún Kàbírátù ní Yorùbá. "Wọ́n ní báwo ni ara Bàbá Haniyyah?"

Ohun tí Madam bèèrè kọ́ nìyẹn. Ohun tó bèèrè ni pé níbo ni maṣíìnì wà.

"A dúpẹ́," ni Kàbírátù dáhùn. "Ó ti ń fi igi rìn díẹ̀díẹ̀."

"Ó ní maṣíìnì wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe," ni Alice wí fún Madam lédè Òyìnbó.

Ó ní ó yà òun lẹ́nu bó ṣe rọrùn tó. Irọ́ méjì, ní èdè méjì, ohùn òun ò sì gbọ̀n.

Ìgbà yẹn gan-an ni Haniyyah wọlé pẹ̀lú abọ́ masa lórí. Ó sọ abọ́ náà kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí àwọn àlejò. Inú Madam dùn sí i.

"Kíláàsì wo lo wà?" ló bi í lédè Òyìnbó, kò dúró de Alice.

Haniyyah wo ìyá rẹ̀, ó wo Alice. Òyìnbó ló fi dáhùn, díẹ̀díẹ̀, bí wọ́n ṣe ń kọ́ wọn kó tó kúrò nílé ìwé.

"Mi ò lọ sílé ìwé mọ́, Mà. Láti ọdún tó kọjá."

Ọ̀gá Junaid, tó bá wọn wá, ń wo bàtà rẹ̀. Madam Roseline wo fọ́ọ̀mù ọwọ́ rẹ̀, ó wo Alice pẹ́, ó wá na ìwé náà sí ọmọ náà.

"Ka èyí fún màmá rẹ. Gbogbo rẹ̀."

Haniyyah gbà á. Minna ni wọ́n bí i sí, Hausa rẹ̀ ló dán jù, Hausa náà ló sì fi ń sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ bó ṣe ń kà á, tó ń fi ìka tẹ̀ lé ìlà.

"Wọ́n ní à ń dáná sau uku lójúmọ́," ló wí. Ó gbé ìka mẹ́ta sókè fún ìyá rẹ̀, bíi pé ìyá ò ní gbà gbọ́. "Wọ́n ní à ń jẹ ẹran lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀. Wọ́n ní mo wà nílé ìwé olówó. Wọ́n ní a ò tíì ta nǹkan kan." Ó yí ìwé náà sẹ́yìn, nítorí Madam ní gbogbo rẹ̀. Ó ka lẹ́tà wẹ́wẹ́ náà pẹ̀lú: ilé tí kò tó ogójì, tí wàhálà dé bá, ìsinmi oṣù mẹ́ta.

Ó wá gbé orí sókè. "Ìka yín ló wà nísàlẹ̀, Màmá."

Kàbírátù gba ìwé náà, ó wo ìka ara rẹ̀ lórí rẹ̀.

"Alice," ló wí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọra, kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. "Ẹran ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ta ló jẹ ẹ́?"

"Ìyá Haniyyah, àṣírí yín ni mo bò."

"Mọ́ ta lójú?"

Alice yíjú wo Madam Roseline.

"Ẹni tó fẹ́ ràn wá lọ́wọ́ lo bò ó mọ́ lójú," ni Kàbírátù wí. "Nígbà tí mo rán ọ sí wọn, o ti mọ ohun tó wà níbẹ̀?"

"Mo mọ̀."

"O sì fọwọ́ kan maṣíìnì mi."

"Mo fọwọ́ kàn án."

Madam Roseline bèèrè pé kí ni wọ́n ń sọ. Haniyyah ló túmọ̀ rẹ̀ fún un.

Abuja fún Kàbírátù ní ìsinmi rẹ̀, wọ́n sì fagi lé ìyókù gbèsè. Wọ́n gbé Ọ̀gá Junaid lọ sí ìlú mìíràn. Wọ́n já ẹgbẹ́ wálẹ̀ sí ìpele kékeré, wọ́n sì ní kí gbogbo àwọn tó gba owó ńlá dá a padà kíákíá. Àwọn obìnrin mẹ́jọ yòókù tìtorí bẹ́ẹ̀ kórìíra Alice, kò sì bá wọn jà. Simeon ò pariwo. Ó ní, "O ò bi mí. Ìwé ni mo fi ń jẹun, Alice, o kọ irú ìwé báyẹn, o ò bi mí." Láti ìgbà náà, kò bá a sọ ọ̀rọ̀ owó mọ́.

Alice ta fìrísà. Ó lọ sí Shango, télọ̀ náà ò fẹ́ tà, ó wá ra maṣíìnì mìíràn tó jọ ọ́, ó sì gbé e lọ. Kàbírátù yẹ abẹ́rẹ́ rẹ̀ wò, ó tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó gbà á.

"Ìyá Haniyyah, ẹ forí jì mí."

"Na gode, Madam," ni Kàbírátù dá a lóhùn.

Hausa ni, bí a ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àlejò lọ́jà. Láti ọjọ́ náà, Hausa ló fi ń dá Alice lóhùn. Bí Alice bá ní ẹ káàárọ̀, á ní sannu, Madam. Haniyyah ti padà sílé ìwé, ó fi kíláàsì kan rẹ̀yìn. Òun náà ń pè é ní Madam.

Gbèsè fìrísà kò tán bí fìrísà ṣe lọ. Ọjà inú ṣọ́ọ̀bù ń dín, títí tó fi ku ọṣẹ àti ìṣáná. Oṣù méje lẹ́yìn ọjọ́ Madam Roseline, òṣìṣẹ́ tuntun kan, Sabirah, bẹ̀rẹ̀ sí í gba ilé dé ilé pẹ̀lú fọ́ọ̀mù. Òfin tuntun ti wà: ọmọ ẹgbẹ́ kan tí òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ bá yàn gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e wọlé, kó jẹ́rìí pé òótọ́ ni wọ́n kọ. Nígbà tó dé ilé Alice, ẹni tó yàn ni Kàbírátù.

Kàbírátù jókòó sẹ́nu ọ̀nà, hìjáàbù rẹ̀ lórí itan.

"Mọ́mì, ẹ̀ẹ̀mélòó lẹ ń dáná lójúmọ́?" ni Sabirah bèèrè.

Ẹnu Alice ti ṣí láti sọ pé ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó ní òun rí ìyá òun, pẹ̀lú igi ìtayín. Ànúolúwapọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń wò ó.

"Ẹ̀ẹ̀kan," ló wí.

"Ẹran ńkọ́?"

"Kò sí."

"Ẹ ta nǹkan jẹun?"

"Fìrísà. Àga méjì. Aago ògiri."

Sabirah yíjú sí ẹlẹ́rìí. Kàbírátù dìde, ó gba ẹ̀gbẹ́ Alice kọjá wọ inú kíṣìnì, ó ṣí ìkòkò wò, ó sì dé e padà.

"Gaskiya ne," ló wí. Òótọ́ ni. Ó gbé ìka kan sókè. "Sau ɗaya."

Ó tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ síbẹ̀. Sabirah ro máàkì náà pọ̀, ó ní kò tó ogójì, pé bí nǹkan ṣe rí yìí, ọ́fíìsì á fún un ní ìsinmi. Kàbírátù ti ń wọ bàtà rẹ̀.

"Ìyá Haniyyah," ni Alice wí, "àṣírí á bò o."

Ó dúró de àmín. Kàbírátù nu tàdáwà kúrò ní ìka rẹ̀ sí etí hìjáàbù, ó nù ún dáadáa, ó sì jáde.